Àgbélébùú Orí Gíláàsì

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà, 2025

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ Màmá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Òróró ń dán lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ipa ẹsẹ̀ tútù láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, nítorí òjò ti ń rọ̀ láti òru. Gíláàsì mẹ́jọ nínú àwo, àwọn tí a da oje dúdú sí lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wọn ló ní ihò wínníwínní bí ojú ẹja. Mítà tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Aáyán kan tó ti kú, ó na ẹsẹ̀ sókè. Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ lórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ bàtà.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Tẹ́jú, káàárọ̀. Má tan fáànù.”

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí Táòfíkì fi dé. Táòfíkì ló ń bójú tó wáyà àti mítà wa. Ó wo àwo náà, ó mi orí, ó ní, “Dókítà, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ máa ta ihò. Ó jọ pé òun la mọ̀ ọ́n ṣe.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá lọ kọ déètì sára ògiri: 3 oṣù keje. Ọjọ́ tí àwọn tó ń fún wa lówó ń bọ̀ nìyẹn. Gíláàsì kan, tiransítọ̀ mẹ́rìndínlógún lórí rẹ̀, méjìlá ó kéré tán gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lójú wọn, ní gbangba, nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn á ti yàrá yìí. Dókítà á padà sí Ìlọrin lọ kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Èmi á padà sí Òṣòdì, sídìí ọ̀nà réèlì, lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Tẹ́ní ta ṣájà.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà

Màmá gbé ẹ̀wà sọ̀ kalẹ̀ wá fún wa lọ́sàn-án. Ìyá Dókítà ni, òun ló nilé, òkè ló ń gbé. Ara Ṣàgámù ni, ó ta aṣọ ní ọjà Aswani títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ó jókòó tì mí.

“Tẹ́jú, ìwọ ṣàlàyé fún mi. Ó ti rẹ ọmọ mi láti máa ṣàlàyé. Kí ni dúdú tẹ́ ẹ ń dà yìí?”

“Bíi súwíìṣì ni, Màmá. Tá a bá fún un níná díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, á jẹ́ kí èyí tó pọ̀ kọjá. Tá a bá yọ ọ́, á dínà. Irú ẹ̀ pọ̀ nínú fóònù yín, àmọ́ inú yanrìn ni wọ́n ti ń ṣe ti fóònù, pẹ̀lú iná ńlá. Tiwa, oje ni. Èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá búrẹ́dì.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?”

“Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí ẹja yìnyín. Tí ẹja bá ti ń bàjẹ́, òórùn ẹ̀ á yí iná yẹn padà. Ẹni tó fẹ́ rà á á ti mọ̀.”

“Imú ni!” Màmá pàtẹ́wọ́. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀? Imú lọmọ mi ń ṣe. Àwọn ẹlẹ́ja á gbà pé kí nǹkan máa tú àṣírí wọn?”

Táòfíkì ní, “Wọ́n á kọ́kọ́ nà wá, Màmá.”

“Kí ló wá dé tí kò ṣiṣẹ́?”

“Ihò ló ń yọ lára ẹ̀. A ò tíì mọ ohun tó fà á.”

Màmá kó àwo rẹ̀ jọ. Kó tó gun òkè, ó yíjú padà, ó ní, “Mo ti gbọ́. Màá fi kún àdúrà mi.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹfà

Táòfíkì ti lọ ṣe Iléyá ní Ìwó. Òjò láti òwúrọ̀. Mo fi sípíríìtì nu gbogbo gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, mo tò wọ́n sínú àwo, mo fi ọmọrí bò wọ́n. Bẹ́ntiróòlù ti tún gbówó lé, Dókítà ní ká má tan jẹ́ńẹ́ àfi tá a bá fẹ́ da oje. Ìgò oje tó kù kò tó ìdajì. Láti òkè òkun ló ti wá, ó sì gbà á lóṣù mẹ́ta kó tó dé.

Omi ti wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo fi àpò ìrẹsì dí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Mẹ́fà tún bàjẹ́. Dókítà ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n má baà gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹfà



A da oje sí gíláàsì mẹ́jọ láàárọ̀. Táòfíkì ti dé, ó gbé ẹran Iléyá wá, gbogbo yàrá ń rùn ata. Dókítà ní kó gbé e jáde. Ó gbé e jáde, ó fọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wá mú gíláàsì àkọ́kọ́ tó ti gbẹ, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Dókítà, ẹ wá o. Èyí ti gba Jésù.”

“Táòfíkì, mi ò sí níbi àwàdà lónìí.”

“Ẹ ṣáà wò ó. Wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Èmi ọmọ Ìwó wá di alágbàtọ́ gíláàsì onígbàgbọ́.”

Dókítà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo súnmọ́ wọn. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oje náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dán, ó dọ́gba, bí a ṣe ń fẹ́ ẹ gan-an. Láàárín ló ti sá. Ilà kan sọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òmíràn dá a ní ìbú. Àgbélébùú ni. Ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò.

A gbé ìkejì. Àgbélébùú. Ìkẹta. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dókítà mú gíláàsì kan tí a kò tíì da nǹkan sí, ó gbé e sẹ́nu imú. Ó ní, “Òróró ólífì.” Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo àjà. Gbogbo wa ń gbọ́ sálúbàtà Màmá lókè, tó ń lọ tó ń bọ̀.

Mo ní, “Mo máa ń rí i lára ilẹ̀kùn láràárọ̀, mà.”

“Èmi náà ń rí i, Tẹ́jú. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Lára báàgì ilé-ìwé mi, lára bẹ́ẹ̀dì, lára pásípọ́ọ̀tù mi. Mo ti rí i títí, mi ò rí i mọ́.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Dókítà pe Màmá sísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Màmá, ta ló ń fòróró kan àwọn gíláàsì mi?”

“Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?” Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn, ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. “Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ ń kàn. O ní kò dáa, mo kan tábìlì. O ní kò tíì dáa, mo kan àwo àtàwọn ìbọ̀wọ́ yín. Ìgbà tó o wá ń sunkún sórí oúnjẹ, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ṣí ọmọrí, mo kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dárúkọ rẹ sórí ìkọ̀ọ̀kan wọn.”

Dókítà di etí tábìlì mú. “Màmá, oje yẹn kì í dúró lórí òróró. Ó máa ń sá ni. Ihò tá a ti ń wá láti ọjọ́ yìí, òróró ló ń fà á. Bẹ́ ẹ ṣe ń fi kún un ló ń burú sí i.”

Màmá wò ó. Ó wo èmi. Ó wo Táòfíkì.

“Ohun tó ò ń sọ ni pé èmi ni mò ń bà á jẹ́.”

Táòfíkì ló fèsì: “Màmá, àdúrà ò ba nǹkan jẹ́. Òróró ni.”

“Ìwọ dákẹ́. Ṣé ìwọ ń fòróró gbàdúrà ni?”

“Rárá, mà. Omi làwa fi ń ṣe àlùwàlá. Omi náà ń bà á jẹ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Màmá, ó gbé e mì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ kúrò lára okùn ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, kò jù ú. Ó wá gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń sinmi lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí i kó gun àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà ní ká da àwọn alágbélébùú nù. Ó tún ní, “Fi ẹyọ kan sílẹ̀. Tì í mọ́ inú ìgò gáàsì, kí n máa rí i, kí n máa rántí.” Mo fi ọ̀kan sí ìgò, mo fún gáàsì náítírójìn sí i kí afẹ́fẹ́ má baà dé ibẹ̀, mo fi ìdérí dè é, mo gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹfà

Ọjọ́ mẹ́ta la fi fọ nǹkan. Ògiri, tábìlì, àwo, ìdí àga. A sun ìbọ̀wọ́ àtijọ́. Ọṣẹ bó mi lọ́wọ́.

Lónìí a da oje sí gíláàsì mẹ́rin. Ẹ̀rọ ayí-bírí tí a gbé gíláàsì lé ń yí, oje náà tàn kálẹ̀, ó sì dúró. Kò sí ihò. Kò sí ihò kankan. Táòfíkì fi wáyà kàn án, ó ń kà á sókè bí ẹni ń ka ìbò: ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́rìndínlógún lórí èyí tó dáa jù.

Dókítà gbá mi mọ́ra. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá kò sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ wa wà lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọmọrí bò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kẹfà

Mo wá wo mítà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tiransítọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì ń ṣiṣẹ́. Dókítà ń ka ohun tí àwọn kan ní ilẹ̀ òkèèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ó ní nígbà tí òun wà ní yunifásítì, ńṣe ni iná ń wọ́ nínú irú oje yìí bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Nísinsìnyí ó ti ń sáré, torí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń to inú rẹ̀ kí ọ̀nà lè là. Ohun tó kù ni kó lè pẹ́ láyé nínú afẹ́fẹ́.

Ó ní, “Yàrá tiwọn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ju ti Sókótó lọ. Àwọn ò mọ òjò Ìsọlọ̀.”

Mo bi í bóyá Màmá ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ó ń kí mi.”

Ọjọ́rú, 25 oṣù kẹfà

Tiransfọ́mà ojú ọ̀nà Ailegun bú gbàmù lóru ọjọ́ Ajé. Láti ìgbà yẹn, NÉPÀ ò wá mọ́. Éèsì tó ń bá wa fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ti kú. Jẹ́ńẹ́ wa kékeré, kò lè gbé e. Ọ̀rinrin: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ògiri ń làágùn.

Ojú mọ́kànlá ló kù. Báyìí ni Táòfíkì ń pe àwọn tiransítọ̀ náà, ojú. Láàárọ̀ ó máa ń ní, “Ojú mélòó ló là?”

Gáàsì tán. Ẹni tó ń bá wa gbé e wá láti Òṣòdì ní omi ti gba ojú ọ̀nà, òun ò lè fẹ̀mí ara òun wewu nítorí sílíńdà.

Dókítà ní ká da oje tó kù, ká má dúró mọ́. Mo ní, “Mà, pẹ̀lú ọ̀rinrin yìí?” Ó ní, “Tẹ́jú, ọjọ́ mélòó ló kù?” A dà á. Lójú wa ló funfun bí ojú arúgbó tí àwọsánmà bò. Kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́.

Ìgò ti ṣófo. Dókítà dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́, bóyá ẹ̀kán kan á jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹfà

Ojú méje.

Màmá pè mí láti orí àtẹ̀gùn. Kò sọ̀ kalẹ̀ ju ìdajì lọ.

“Tẹ́jú, mo gbọ́ pé ó tún ń kú.”

“Ó ń kú, Màmá. Afẹ́fẹ́ tútù yìí ni.”

“Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ kan nǹkan. Òróró tèmi pàápàá wà nínú báàgì.” Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. “Nígbà tí mò ń fi sí i, ó ń kú. Mo dáwọ́ dúró, ó ń kú. Kí wá ni tèmi níbẹ̀?”

Mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹ ṣeun mà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù keje

Ojú méjì. Táòfíkì kò ṣe àwàdà kankan lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù keje

Ìsàlẹ̀ ni mo sùn, tàbí kí n sọ pé ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Dókítà mú fìtílà, èmi mú mítà tó ń ka iná. Ojú kan dí lóru. Ìkejì dí nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá lójú ọ̀nà. Mo wò ó títí nọ́ńbà náà fi dúró sórí òdo. Mo sọ fún Dókítà. Ó ní, “Ó dáa. Lọ bọ́jú.”

Àwọn mẹ́ta ló wá, ọkùnrin méjì, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò. Obìnrin náà ni ọ̀gá wọn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Dókítà fi gráàfù hàn wọ́n, bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe ṣiṣẹ́ fún odidi ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n fara balẹ̀ wò ó. Obìnrin náà wá ní, “A ti rí i. Ṣé a lè rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ báyìí?”

Òjò ń lu páànù. Dókítà sì yíjú sí mi, ó ní, “Tẹ́jú, gbé ti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù wá.”

Mo gbé ìgò náà wá. A kò tíì fi wáyà kàn án rí láti ọjọ́ tí mo tì í mọ́bẹ̀. Táòfíkì ṣí i, ó kàn án. Igun òkè lápá ọ̀tún: ó là. Igun òkè lápá òsì: ó là. Ìsàlẹ̀ méjèèjì: wọ́n là. Táòfíkì wò mí, mo wò ó. Ó sáré jáde lọ gbé ẹja tá a tọ́jú fún ìdánwò, tó ti ń rà nínú ọ̀rá láti àná, ó gbé e súnmọ́ gíláàsì náà, ilà orí kọ̀ǹpútà sì sọ̀ kalẹ̀. Ó gbóòórùn. Níwájú wọn, nínú afẹ́fẹ́ Ìsọlọ̀, ó gbóòórùn.

“Mẹ́rin,” obìnrin náà sọ.

“Mẹ́rin, mà,” Dókítà dáhùn.

Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó wo gíláàsì náà dáadáa. “Kí ni àmì tó wà láàárín yìí?”

Nígbà yẹn ni mo rí Màmá lórí àtẹ̀gùn. Ó ti wé gèlè bí ẹni tí àlejò wá sílé rẹ̀. Dókítà náà rí i. Ó yíjú padà sí obìnrin náà.

“Àṣìṣe ni. Tèmi ni. Mi ò ti ilẹ̀kùn mi.”

Wọ́n sọ ọ́ fún wa lójú ẹsẹ̀, wọn kò fi wá dúró. Iṣẹ́ náà wú wọn lórí, ṣùgbọ́n mẹ́rin kì í ṣe méjìlá. Owó parí ní òpin oṣù yìí. Wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà. Ọkùnrin kan gbàgbé agbòjò rẹ̀, ó padà wá mú un, ó tún ní ká má bínú.

Táòfíkì ń ká wáyà. Ó ń ká a dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ tún lò ó lọ́la. Dókítà jáde lọ dúró sídìí táńkì omi lẹ́yìnkùlé, nínú òjò.

Màmá jókòó sórí ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Mo rí i pé kiní kan ṣiṣẹ́. Èwo ni?”

Mo ní, “Ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ ẹ fòróró kàn ni, Màmá.”

Ojú rẹ̀ là. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra láti orí itan, ó ń lọ sókè, ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí láti pe Ọlọ́run. Ǹ bá ti dákẹ́ níbẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ì bá jẹ́. Ǹ bá ti lọ bá Táòfíkì ká wáyà.

Mo ní, “Nítorí pé a ò lò ó rárá ni, Màmá, inú gáàsì ló wà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ṣiṣẹ́. Ibi tí ọwọ́ yín ò dé.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí itan, ó fi èkejì bò ó. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí Táòfíkì fi ká wáyà tán.

“O ṣeun, Tẹ́júọlá,” ó ní. “Ọmọ mi ì bá ti tàn mí.”

Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá, mà. Ó ní kí n kọ́kọ́ sùn. Ó di ògiri mú, ó gòkè. Mo pa mítà. Mo fi gíláàsì náà sínú ìgò, n kò mọ ìdí tí mo fi dè é. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ tábìlì. Dókítà ṣì wà nídìí táńkì.

Mo dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sán.